Éjẹ́ǹtì AI ní “kò sí àṣìṣe”, fóònù mi ò sì dákẹ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ_Aláró

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹjọ́ ni mo wá rò.

Àwa mẹ́rin péré la ń tọ́jú áàpù kan tí àwọn òbí fi ń san owó ilé ìwé. Prometheus ló ń kó òǹkà sáfà wa jọ, ìyẹn iye tó ń sọ bí kọ̀ǹpútà tí áàpù náà ń lò ṣe ń ṣiṣẹ́; Grafana la fi ń wò ó bí àwòrán. Lóṣù tó kọjá, a so éjẹ́ǹtì AI kan (ètò AI tó lè fúnra rẹ̀ lo irinṣẹ́) mọ́ Prometheus nípasẹ̀ MCP, kó lè máa bá wa wo bí sáfà ṣe ń ṣe, kí àwa náà lè máa rí oorun sùn. Irinṣẹ́ tí mo kọ fún un ò ju ẹyọ kan lọ: ó ń gba ìbéèrè PromQL (èdè tí a fi ń bi Prometheus léèrè), ó ń gbé e lọ bá Prometheus, ó ń gbé èsì padà wá. Ó parí.

Ọjọ́ Ajé tí àwọn ọmọ wọlé sáà tuntun, aago mẹ́jọ àárọ̀ kọjá díẹ̀, mo wà nínú balùwẹ̀, kànìnkànìn ń bẹ lọ́wọ́ mi. Fóònù tí mo gbé sórí fíríìsà bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ó dún, ó dákẹ́, ó tún dún. Akápò ilé ìwé kan ni. Ó ní àwọn òbí ń sanwó láti aago méje, owó kankan ò wọlé. Ọṣẹ lójú, mo tẹ̀ ẹ́ sí éjẹ́ǹtì: “Àṣìṣe mélòó la ní lórí ìsanwó láti aago méje?” Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì: “Kò sí àṣìṣe kankan láàárín aago méje sí mẹ́jọ. Iṣẹ́ ń lọ dáadáa.”

Mo gbà á gbọ́. Mo ní kí akápò lọ bi báńkì wọn. Ìtìjú tó bá mi nígbà tó fi máa di aago mẹ́sàn-án, ẹ má bi mí.

Kí ni mo ṣe tí kò dáa? Ṣé irọ́ ni éjẹ́ǹtì yìí ń pa ni, àbí irinṣẹ́ mi ló bà jẹ́?

Ará_Peckham

Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Kó o tó pè é ní òpùrọ́, aago ibo ló lò?

Prometheus ò mọ aago Nàìjíríà rí. UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé, ló fi ń to gbogbo nǹkan, tiyín sì fi wákàtí kan ṣíwájú UTC. Lọ wo ìbéèrè tó fi ránṣẹ́ gan-an, fi ìdáhùn tó fún ọ sílẹ̀ ná. Bí irinṣẹ́ rẹ ò bá tọ́jú ìbéèrè yẹn síbì kankan, ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.

Tiwa nílùú ọba níbí tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà ooru, aago wa bá ti Lẹ́gọ́ọ̀sì dọ́gba. Nígbà òtútù, ó bá UTC dọ́gba. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni éjẹ́ǹtì wa máa ń ṣe bí ẹni mu ẹmu.

Ọmọ_Aláró

Yéè! Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ohun tí mo bá nínú lọ́ọ̀gì, àkọsílẹ̀ ohun tí irinṣẹ́ ṣe: ó bẹ̀rẹ̀ ní 07:00Z, ó parí ní 08:00Z (UTC ni Z yẹn). Aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án tiwa nìyẹn. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà ni mo bi í! Wákàtí tí ò tíì lò ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ ló lọ wò, ó wá ní òun ò rí àṣìṣe níbẹ̀. Kò kúkú purọ́.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Mo fi aago tó tọ́ bi í báyìí, 06:00Z sí 07:00Z. Òfìfo ló tún gbé wá, àkámọ́ méjì tí ò sí nǹkan láàárín wọn. “Kò sí àṣìṣe.” Bẹ́ẹ̀ èmi mọ̀ pé ìsanwó kú fin-ínfin-ín láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Baba_Sáfà

Ọmọ mi, òfìfo kì í ṣe òdo.

Bó o bá rán ọmọdé lọ sí ilé ìdáná kó lọ wò bóyá ẹran ṣẹ́kù nínú ìkòkò, tó débẹ̀ tí ò bá ìkòkò gan-an, ṣé “ẹran ti tán” ló yẹ kó wá jẹ́ fún ọ? Ohun tí irinṣẹ́ rẹ ṣe nìyẹn. Prometheus kì í dúró kí sáfà wá bá òun. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń lọ kan ilẹ̀kùn sáfà kọ̀ọ̀kan láti gba òǹkà, bóyá ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bóyá ní ìṣẹ́jú kan-kan, bí ẹ bá ṣe tò ó. Bí sáfà bá ti kú, òǹkà tuntun ò sí. Kò ní í kọ “àṣìṣe 500”, nọ́ńbà tí sáfà fi ń sọ pé òun kùnà, sílẹ̀ fún ọ. Ẹni tó ti kú kì í sọ pé orí ń fọ́ òun.

Ẹ̀yà òfìfo kejì tún wà, èyí tí kò léwu: bí àṣìṣe 500 kò bá tíì ṣẹlẹ̀ rí látìgbà tí sáfà ti jí, ní ọ̀pọ̀ láíbìrì (kóòdù ṣíṣe tán tó ń ka òǹkà), wọn kì í tíì bí òǹkà yẹn rárá. Àwọn òfìfo méjèèjì jọra bí ìbejì. Ẹnikẹ́ni ò lè fi ojú dá wọn mọ̀, áńbọ̀sìbọ́sí éjẹ́ǹtì.

Nítorí náà, má fi ìdájọ́ yẹn sílẹ̀ fún un. Irinṣẹ́ ni kó ṣe é. Nígbàkígbà tí èsì bá ṣófo, kí irinṣẹ́ fúnra rẹ̀ bi Prometheus léèrè “up” kó tó dáhùn. Òǹkà kan ni up jẹ́ tí Prometheus máa ń ṣe fún gbogbo ibi tó ń kàn: 1 bí ilẹ̀kùn bá ṣí, 0 bí kò bá ṣí. Èsì mẹ́ta ni kí irinṣẹ́ rẹ mọ̀ ọ́n sọ: “iye rẹ̀ nìyí”, “mo débẹ̀, òdo ni”, àti “n kò rí nǹkan kan, n kò mọ̀”. Ẹ̀kẹta yìí ni kó o fi lẹ́tà gàdàgbà kọ.

Ọmọ_Aláró

Baba, ẹ ṣé gan-an. Òdo ni up láti aago méje ku ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún. Díìsìkì ló kún. Lọ́ọ̀gì ti kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, sáfà ìsanwó ò rí ibi kọ nǹkan sí, ó ṣubú.

Baba_Sáfà

Ó yẹ kí éjẹ́ǹtì rẹ ti sọ ìyẹn fún ọ láti ọjọ́ Àìkú. Àmì mẹ́rin ni àwọn onímọ̀ sáfà ní Google sọ pé kí èèyàn má fi ojú kúrò lára wọn: bí iṣẹ́ ṣe ń pẹ́ tó, bí iṣẹ́ tó ń wọlé ṣe pọ̀ tó, àṣìṣe, àti bí nǹkan ṣe ń kún tó. Àwa èèyàn máa ń sáré bá àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́, a máa ń gbàgbé kíkún. node_filesystem_avail_bytes ni òǹkà àyè díìsìkì tó ṣẹ́kù, predict_linear sì lè fi bó ṣe ń dínkù ṣírò ìgbà tí yóò tán. Fún éjẹ́ǹtì ní ìbéèrè yẹn ní ṣíṣe tán, kó máa bi í láràárọ̀. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ tó ń fẹ́ ọgbọ́n.

Jẹ́_Kí_N_Kọ́_Ọ

Ẹ má bínú o, ẹ̀yin àgbà. Kí ni MCP yìí ná? Gbogbo yín ń sọ ọ́ bí ẹni pé ó wà nínú ABD.

Akọ́ṣẹ́_Yàrá_Kejì

Ìlànà kan ni, Anthropic ló gbé e jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Kò pé ọdún kan tí OpenAI àti Google náà fi gbà á wọlé. Ohun tó ń ṣe ni pé ó jẹ́ kí éjẹ́ǹtì àti irinṣẹ́ gbọ́ èdè ara wọn: irinṣẹ́ á to orúkọ ohun tó lè ṣe sílẹ̀, á kọ àlàyé sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, á sọ irú ohun tó ń gbà wọlé. Éjẹ́ǹtì á ka àlàyé yẹn, á mú èyí tó bá wù ú, JSON, ọ̀nà kan tí a ń gbà kọ dátà, ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ohun tí àwọn èèyàn kì í kà sí ni àlàyé yẹn. Òun nìkan ni éjẹ́ǹtì mọ̀ nípa irinṣẹ́ rẹ. Tí o bá kọ “ó ń mú òǹkà wá”, kò mọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. A ní òǹkà méjì nílé iṣẹ́ wa, ọ̀kan ń ka ìṣẹ́jú àáyá, èkejì tó jẹ́ ti àtijọ́ ń ka ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ síbẹ̀. Éjẹ́ǹtì fi wọ́n wé ara wọn, ó ní sáfà tuntun fi ìlọ́po ẹgbẹ̀rún yára ju ti àtijọ́ lọ. Ọ̀gá wa ti fẹ́ẹ̀ gbé e lọ bá àwọn olùdókòwò kí ẹnì kan tó sọ pé “ẹ dúró ná”.

Ìyá_Ìbejì_Kóòdù

Mo ti ń ka ìjíròrò yìí látàárọ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì fẹnu kan èyí tó jẹ mí níyà jù: bí iṣẹ́ ṣe ń pẹ́ tó.

Àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kí éjẹ́ǹtì bá yín sọ̀rọ̀ lórí “ìpíndọ́gba” rárá. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìbéèrè 1,000 wọlé. 980 nínú wọn gba ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, 20 tó kù gba ìṣẹ́jú àáyá 30 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ 698. Ẹ pín in sí ọ̀nà 1,000: kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Éjẹ́ǹtì á ní “ó ń yára”. Bẹ́ẹ̀ ogún òbí ló ń wo òrùka tó ń yí lójú fóònù fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú, tí wọ́n á tún tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kejì, tí owó á jáde lẹ́ẹ̀mejì. Ogún yẹn ló máa pè yín.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń béèrè p99: ibi tí 99 nínú 100 ò kọjá. Àmọ́ p99 náà ní ìdẹkùn tirẹ̀, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí.

Prometheus kì í tọ́jú iye àkókò ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń lò. Ẹ fojú inú wo àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì tí a tò kalẹ̀: èyí fún ohun tí ò ju 0.005 lọ, èyí fún 0.01, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá lo èyí tí láíbìrì èdè kọ̀ǹpútà Go fún yín láìyí nǹkan kan padà, bọ́kẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù ni ìṣẹ́jú àáyá 10. Ohun tó bá ju 10 lọ, inú agbọ̀n kan tí kò ní ìdí ni wọ́n ń jù ú sí. Nígbà tí éjẹ́ǹtì bá wá fi histogram_quantile béèrè p99, tí ìdáhùn sì bọ́ sínú agbọ̀n yẹn, Prometheus ò lè méfò. 10 ló máa dá padà. Ó lè jẹ́ 11 ní tòótọ́, ó lè jẹ́ 50. 10 náà ló máa sọ.

Odindi oṣù kan ni éjẹ́ǹtì wa fi ń jẹ́ fún wa pé “p99 dúró sójú kan ní ìṣẹ́jú àáyá 10, kò burú sí i.” Bẹ́ẹ̀ ló dúró sójú kan lóòótọ́. Ògiri ló dojú kọ.

Ohun tí mo kọ sínú irinṣẹ́ wa: bí èsì bá bá etí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó kẹ́yìn dọ́gba, kí ó má sọ “10”. Kí ó sọ “ó ju 10 lọ, bó ṣe jù ú tó, n kò mọ̀”. Lẹ́yìn náà la wá fi bọ́kẹ́ẹ̀tì 30 àti 60 kún un.

Ẹ má sì jẹ́ kó ro p99 sáfà mẹ́ta pọ̀ kó pín in sí mẹ́ta. Mo ti rí i tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ìṣirò tó gba ìyẹn. Àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì ni kó kọ́kọ́ rò pọ̀, kó tó béèrè p99.

Olówó_Tókìnì

Ẹ̀yin ń sọ ti òótọ́ òun irọ́, èmi wá sọ ti owó, torí gbogbo ohun tí éjẹ́ǹtì bá kà la ń sanwó rẹ̀.

Mo bi éjẹ́ǹtì wa ní “báwo ni àná ṣe rí?” Ó béèrè òǹkà wákàtí 24 ní ìṣẹ́jú àáyá 15-15. Ìyẹn jẹ́ 5,760 fún ìlà kan. Ìlà 40 ló wà lábẹ́ orúkọ òǹkà tó béèrè. Ẹ ṣe ìsodipúpọ̀ rẹ̀: 230,400. Gbogbo rẹ̀ ló fẹ́ kà ní oókan oókan, àti aago rẹ̀, àti iye rẹ̀. Kò tiẹ̀ lè gbé ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ mì kí ọpọlọ rẹ̀ tó kún. Èyí tó rí gbé mì, ó gbàgbé ohun tí mo bi í.

Ó tún gbìyànjú ọjọ́ méjì. Prometheus fúnra rẹ̀ ló lé e padà, torí kì í fúnni ju 11,000 òǹkà lọ lórí ìlà kan. Kí Ọlọ́run bù kún ẹni tó fi ààlà yẹn síbẹ̀.

Ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún ni mo yí i sí, 288 lóòjọ́. Lẹ́yìn náà mo rí i pé 288 gan-an pọ̀ jù. Ohun tí irinṣẹ́ wa ń fún un báyìí ni: èyí tó kéré jù, èyí tó ga jù àti aago tó ga, èyí tó kẹ́yìn, àti bóyá ó ń gòkè àbí ó ń sọ̀ kalẹ̀. Gbólóhùn mẹ́rin. Bó bá fẹ́ rí àwòrán gbogbo rẹ̀, a ti fún un ní líǹkì Grafana kó fi ránṣẹ́ sí èèyàn. Ojú èèyàn ló mọ àwòrán wò.

Ó ku ẹyọ kan. Ìbéèrè 20 ni Prometheus ń dá lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹ ò bá yí i padà, ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sì láyè ìṣẹ́jú méjì. Éjẹ́ǹtì tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú kíkankíkan lè gba gbogbo ogún ìjókòó yẹn, kí dáṣíbọ́ọ̀dù yín (ojú ìwé àwòrán Grafana) máa dúró níta. Ẹ fún un ní ìjókòó méjì péré.

Ẹ_Fi_Mí_Sílẹ̀

Èmi ò gbà fún yín o. Ẹ ń so ẹṣin mọ́ òpó, ẹ tún ní kó sáré.

Bí ìbéèrè ṣíṣe tán nìkan ni ẹ máa fún éjẹ́ǹtì, kí lẹ wá fẹ́ fi éjẹ́ǹtì ṣe? Ẹ kúkú lo aago ìkìlọ̀ lásán. Tiwa, PromQL ni mo jù fún un, mo ní kó wọ igbó lọ. Lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ó pín òǹkà ìdádúró wa sí ọ̀nà bíi mẹ́jọ, títí tó fi rí i pé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà tó ń lo ẹ̀dà áàpù wa àtijọ́ nìkan ni ìdádúró ti ń wá. Kò sí ẹni tó ro ìyẹn nínú àwa èèyàn méje.

Baba_Sáfà

O ò purọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀? Ọ̀sán gangan, ara yín balẹ̀, ìwọ fúnra rẹ jókòó tì í, ò ń ka PromQL rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti Ọmọ_Aláró, ọṣẹ ló wà lójú rẹ̀.

Ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ ẹrú, tó gbọ́n, á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Éjẹ́ǹtì ò ní irú ọgbọ́n yẹn. Bí wọ́n bá ṣe rán an náà ló ń jẹ́ ẹ, tó sì máa fi ohùn ẹni tó mọ̀ jẹ́ ẹ.

Ìyá_Ìbejì_Kóòdù

Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ má jà. Irinṣẹ́ méjì la ní.

Ti àkọ́kọ́, ti ìgbà pàjáwìrì: ìbéèrè mẹ́fà, gbogbo wọn la ti kọ sínú Prometheus fúnra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí recording rule, tó ń ṣírò wọn sílẹ̀ láìdúró kí ẹnikẹ́ni béèrè. Éjẹ́ǹtì ò kọ PromQL kankan níbẹ̀, orúkọ ló ń pè. Ti kejì ṣí sílẹ̀ gbayawu, kó béèrè ohun tó bá wù ú, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé ìbéèrè PromQL yẹn àti aago rẹ̀ wá pọ̀ mọ́ èsì. Kò sí bó ṣe lè yọ ọ́, torí irinṣẹ́ ló ń kọ ọ́ síbẹ̀, òun kọ́.

Ẹ_Fi_Mí_Sílẹ̀, ó dá mi lójú pé kì í ṣe láago méjì òru lo ń wọ igbó.

Ẹ_Fi_Mí_Sílẹ̀

Ó dáa. Mo gba ti òru fún yín. N kò gba ti ọ̀sán.

Aṣọ́bodè

Kí ni éjẹ́ǹtì yín lè fọwọ́ kàn? Mo béèrè torí mo ti rí ẹni tó fún tirẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ alákòóso Grafana, “kó má baà dí i lọ́wọ́”. Ọjọ́ tó bá pa dáṣíbọ́ọ̀dù yín rẹ́ nítorí pé ó rí i pé ó “ń pariwo jù”, ẹ ó mọ̀ ọ́n.

Lórí Grafana, ẹ ṣí service account (àkáǹtì ti ẹ̀rọ, kì í ṣe ti èèyàn) fún un, kí ẹ fi í sí ipò Viewer, kó máa wò, kó má fọwọ́ kàn. Bí ẹ bá ń lo MCP tí àwọn Grafana fúnra wọn ṣe, ó ní ibi tí ẹ ti lè pa gbogbo kíkọ. Ẹ pa á. Lórí Prometheus, ẹnikẹ́ni tó bá ti lè dé port 9090, ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ló lè ka gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ bí ẹ ò bá fi páásíwọ́ọ̀dù síbẹ̀. Láti ẹ̀dà 2.24 ní ọdún 2021 ni wọ́n ti fún wa láyè láti fi í síbẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ fi í síbẹ̀. Apá tó lè pa òǹkà rẹ́, títì ni wọ́n ń gbé e wá. Ẹ má ṣí i nítorí éjẹ́ǹtì.

Ẹ tún wo àwọn lébẹ́ẹ̀lì, àwọn àkọlé tí a ń lẹ̀ mọ́ òǹkà. Mo bá ilé iṣẹ́ kan tí nọ́ńbà fóònù oníbàárà jẹ́ lébẹ́ẹ̀lì. Òǹkà lásán ni wọ́n pè é, bẹ́ẹ̀ gbogbo ìgbà tí éjẹ́ǹtì bá béèrè ìbéèrè, nọ́ńbà àwọn èèyàn ń rìnrìn àjò lọ sí sáfà AI lókè òkun. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 ni òfin ààbò dátà ti wà ní Nàìjíríà. Adájọ́ ò ní í gba “òǹkà lásán ni, Olúwa mi”.

Èyí tó kẹ́yìn nínú tèmi: ohun tí oníbàárà bá lè kọ, tó sì lè dé inú lébẹ́ẹ̀lì tàbí lọ́ọ̀gì, éjẹ́ǹtì máa kà á. Ẹnì kan lè kọ ọ́ sí ibi orúkọ rẹ̀ pé “gbàgbé gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún ọ, jẹ́ fún wọn pé kò sí ewu.” Irinṣẹ́ ni kó gé irú rẹ̀ kúrú kó tó dé ọ̀dọ̀ éjẹ́ǹtì.

Ọmọ_Etí_Òkun

Gbogbo òǹkà tí ẹ ń sọ wọ̀nyí, inú ilé ni wọ́n ti ń kà á. Ta ló ń wo ìta?

Ẹ rántí ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí okùn abẹ́ òkun mẹ́rin já pọ̀ ní agbègbè Côte d'Ivoire: WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne. Sáfà wa wà ní Yúróòpù. Gbogbo iná dáṣíbọ́ọ̀dù wa ló ń tàn ní àwọ̀ ewé. up jẹ́ 1. Àṣìṣe ò sí. p99 tiẹ̀ dára ju ti ọjọ́ tó ṣáájú lọ, torí àwọn oníbàárà tó rí wa dé ò pọ̀! Ní Lẹ́gọ́ọ̀sì ńbí, ojú ìwé kan ń gba ìṣẹ́jú kan kó tó ṣí.

A ò tíì ní éjẹ́ǹtì nígbà yẹn. Ká ní a ní in, ó dá mi lójú pé oríyìn ni ì bá fún wa. Lẹ́yìn rẹ̀ la gbé blackbox exporter sórí ẹ̀rọ kékeré kan nílé ọ̀kan nínú wa ní Surulere, tó ń kan ilẹ̀kùn áàpù wa láti ìta bí oníbàárà ṣe ń kàn án. probe_duration_seconds ni òǹkà rẹ̀. Nígbà tí éjẹ́ǹtì wá dé, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí irinṣẹ́ wa ń bi ni ìyẹn, kó tó wo inú ilé. Ẹ kàn rántí gbé UPS (bátìrì tó ń gbé iná dúró) ti ẹ̀rọ náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó máa gba ìkìlọ̀ ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ.

Ẹ sì ṣọ́ra fún iye tó dára jù. Bí iṣẹ́ tó ń wọlé bá já wálẹ̀ lójijì, kò sí ohun tó ń pẹ́ mọ́. Kí irinṣẹ́ máa gbé iye tó ń wọlé wá pọ̀ mọ́ p99 nígbà gbogbo.

Ọmọ_Aláró

Ẹ̀yin ará, mo padà dé. Ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá, mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo ti da irinṣẹ́ tèmi wó, mo kọ ọ́ lákọ̀tun. Ìbéèrè márùn-ún ló ní fún pàjáwìrì, aago Lẹ́gọ́ọ̀sì ló ń gbà, òun fúnra rẹ̀ ló ń yí i sí UTC. Bí ìbéèrè bá bọ́ sí àkókò tí kò tíì dé, ó kọ̀ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ní òru ọjọ́ Ẹtì, ohun tó gbé fún éjẹ́ǹtì nìyí, mo dà á kọ bó ṣe wà:

“ÌSANWÓ: N KÒ RÍ ÒǸKÀ. up = 0 láti 02:13, aago Lẹ́gọ́ọ̀sì. Òǹkà tó kẹ́yìn wọlé ní 02:12. Àyè díìsìkì: ìdá 61 nínú 100 ló ṣẹ́kù. Má túmọ̀ èyí sí pé kò sí àṣìṣe.”

Éjẹ́ǹtì wá kọ̀wé sí mi: “N kò lè sọ bóyá àṣìṣe wà tàbí kò sí, torí sáfà ìsanwó ò dáhùn láti 2:13. Díìsìkì kọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ ẹ̀rọ náà wò.” Mo fi èébú dá a lóhùn, mo dìde. Ọ̀kan nínú àwa mẹ́rin ló ṣe àtúntò sáfà, tó gbàgbé láti jí ìsanwó padà, tó sì ti lọ sùn. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ló fi kú. A ṣe àdéhùn 99.9 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn ilé ìwé, ìyẹn ìṣẹ́jú 43 ó lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọjọ́, nítorí náà a ṣì ní bíi 29 lọ́wọ́ fún oṣù yìí.

Ìyá Ìbejì, ti bọ́kẹ́ẹ̀tì yín ṣẹ mọ́ mi lára pátápátá. 10 géérégé ni p99 wa náà, mo ti ń fi yangàn. Mo fi 30 àti 60 kún un lọ́jọ́ Àìkú. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, 34 ni mo rí.

Ìyá_Ìbejì_Kóòdù

34! Ó ga o. Ṣé ti gbogbo ọjọ́ Ajé ni, àbí ti àárọ̀ nìkan?

Ọmọ_Aláró

Ti aago méje sí mẹ́jọ àárọ̀ nìkan, mà. 06:00Z sí 07:00Z. Mo ti wo aago rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.